Àpò Ìtọ̀ Ọ̀pọ̀lọ́ àti Òùngbẹ Ìyá Mi

Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò lè fi ìdánilójú sọ, pàápàá ohun tí kò mọ̀. Òun ló dàgbà jù ní agbo ilé wa ní Ṣakí, òfin sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú yẹ̀yẹ́ ni mo fi ń wò ó.

Ọ̀kadà gbé ìyá mi ṣubú lọ́nà Ìpàpó, orí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀. Egbò jinná, òùngbẹ wá bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń mu omi ló ń tọ̀ ọ́, ìtọ̀ náà sì mọ́ gaara bí omi òjò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àmujù ni, kí wọ́n gbé ìkòkò omi kúrò ní yàrá rẹ̀.

"Bí kò bá mu, kí ni yóò tọ̀?" ló bi wá.

Gbogbo ará ilé ló mi orí sí òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé ìkòkò náà kúrò.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, a rọ omi sínú àpò ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́, a so ó lẹ́nu, a gbé e kọ́ sínú omi iyọ̀. Omi inú rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ dínkù. Àfìgbà tí olùkọ́ kán oògùn kan sí omi ìta ni àpò náà ń rọ̀, tí omi ń gba ara rẹ̀ jáde. Oògùn náà dà bí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sínú ẹ̀jẹ̀, pé kí ara gba omi rẹ̀ padà. Bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn já nínú ebè iṣu nìyẹn. Ní tàwa ènìyàn, kíndìnrín ló ń gba iṣẹ́ ọ̀hún. Bí orí bá fara pa, tí ọpọlọ kò sì rán an mọ́, ẹni náà ìbáà mu omi, ìbáà má mu, á ṣáà máa tọ̀ títí yóò fi gbẹ.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ìyá ẹ kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́." Àwọn ará ilé bá a rẹ́rìn-ín. Àgbà tí kò nítìjú, ojú kan ni ìbá ní.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ahọ́n ìyá mi ti gbẹ mọ́ àjà ẹnu, kò sì dá mi mọ̀ mọ́. N kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà fún un lómi, ó sì fún un ní irú oògùn tí olùkọ́ wa kán sómi lọ́jọ́ náà gan-an, èyí tí wọ́n ń fọ́n sí imú. Ìtọ̀ náà dínkù, ojú rẹ̀ sì là.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń sọ káàkiri àdúgbò pé ìkòkò tí òun gbé kúrò ló wò ó sàn. Ìyẹn kò dùn mí tó èyí tí mò ń rí lọ́sàn-án, bí àgbà náà bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi á bu omi, á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé kí n mu ún?"

"Mu díẹ̀," ni yóò wí.