Mo Ń Jowú Ìfun Alàájà

Ìyá Ràsáàkì kú láàárọ̀ ọjọ́ Alámísì. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí gbogbo Ìṣẹ́yìn mọ̀, orí ẹní nínú ilé rẹ̀ ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Háà! Ẹ má fi Ọlọ́run bojú o.

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: mo ń jowú. Kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìfun Alàájà Àpọ́nlé, ìyàwó ọnọ́rébù wa, ni mo ń jowú.

Bí Ìyá Ràsáàkì bá gbẹ̀bí tán, á po tíì fún abiyamọ, á rọ ṣúgà sí i, á ní, "Mu ún, ìyá ìkókó, o kú ewu." Òun náà fẹ́ràn adùn bí ọmọdé. Nígbà tí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwa aládùúgbò rẹ̀ pariwo lé e lórí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà ló fà á. Ó jáwọ́ nínú ṣúgà. Ó ń mu ògì kíkan, ó ń fajú ro, ẹ̀jẹ̀ ò dúró.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sìn.

"Ìyá, kí ló ń ṣe yín?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni, dókítà."

Ó parí! Orúkọ tí aláìsàn pe àìsàn rẹ̀ ni dókítà gbà. Kò ní kó dùbúlẹ̀, kò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó kó kápúsù fún un. Ó padà lọ, kápúsù. Ó gbẹ, ó ku egungun, kápúsù náà ni. Ṣé adìẹ ni wọ́n ń da àgbàdo fún ni?

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ mẹ́ta, Alàájà wá, ara rẹ̀ ń dán. Ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá Yétúndé, irú àìsàn yìí ló ṣe mí lọ́dún tó kọjá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi rọ́bà oníná wo inú ìfun mi. Wọ́n ní egbò ni, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n ní àwọn kòkòrò tíntìntín kan ń gbé inú ìfun gbogbo wa, wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ara mi ló dojú ìjà kọ wọ́n, tí ìfun fi wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà yẹn ni mò ń lò títí dòní."

"Alàájà, ṣé ẹ sọ fún Ìyá Ràsáàkì?"

"Ojú tì mí. Ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ síta?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò lè bú u. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa.

Ọkọ rẹ̀ ni mo dojú kọ. Ọnọ́rébù, ẹ̀yin lẹ ń ṣe alága ìgbìmọ̀ ìlera nílé aṣòfin. Ẹ ti fojú rí rọ́bà oníná, ẹ mọ orúkọ oògùn náà. Ta lẹ bi léèrè pé kí ló dé tí kò sí ní gbogbo Òkè-Ògùn? Ta lẹ sọ fún pé kí dókítà máa yẹ aláìsàn wò kó tó kó kápúsù? Àbí ìfun tiwa kì í ṣe ìfun?

A ò fẹ́ kí ẹ wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ẹ wá dáhùn níta gbangba. Ẹ wo Ràsáàkì lójú, kí ẹ sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe yín, obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí gbogbo ọmọ yín.