Kíkùn Ẹ̀rọ Ladáànì

Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé ohun kan náà. Láti ìgbà tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ariwo tí ẹ̀rọ ń pa ló ń jẹ àwọn èèyàn lógún. Èyí tó lè pa wọ́n níbẹ̀, wọn kì í bi mí.

Mọ́ṣáláṣí agboolé ìyá mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni ladáànì, òun ló ń pe ìrun. Àgbàlagbà ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì le ju tèmi lọ. Tó bá ti ṣe àlùwàlá tán, á fi ẹsẹ̀ tútù rìn wọlé, á di makirofóònù onírin mú. Wáyà makirofóònù yẹn lọ tààrà sínú anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ páànù. Ẹsẹ̀ tútù, irin lọ́wọ́: ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ṣáájú ààwẹ̀, alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí gbé anpilifáyà náà wá, ó ní ó ń kùn látìgbà tí aládùúgbò wọn ti ra invátà. Mo tú u. Níbi tí iná ti ń wọlé, kàpásítọ̀ kékeré méjì aláwọ̀ búlúù ló so wáyà iná mọ́ páànù, àwọn ló ń gbọn ìdọ̀tí inú iná dànù kó tó di ariwo. Méjèèjì ti bẹ́. Irú wọn kì í ṣe gbẹ̀fẹ́. Èyí tó tọ́, bó bá máa kú, òun nìkan ni yóò kú. Á já, iná kò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Kàpásítọ̀ lásán lè yọ́ pọ̀ lọ́jọ́ tí agara bá dá a, kí iná ilé bọ́ sára páànù. Ilé àtijọ́ sì ni tiwọn, kò ní wáyà tó ń gbé iná sọ sínú ilẹ̀.

Mo wá ojúlówó títí dé Apọ́ngbọ̀n. Èyí tí mo rí, mo fi àtàǹpàkò ra àkọlé ara rẹ̀, ó sì bó bíi tìróò: ayédèrú ni. Mo dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Mo yọ àwọn tó bẹ́ kúrò, mo fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

"Ọ̀gá, ó ṣì ń kùn o," ni alága wí.

"Ẹ jẹ́ kó máa kùn títí a ó fi rí ojúlówó."

"Ẹ fi èyíkéyìí síbẹ̀ jàre! Ṣebí capacitor náà ni gbogbo ẹ̀? Ààwẹ̀ ti dé tán, noise yìí ń tì wá lójú."

Mo kọ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Lafiaji, ó sì padà dé, ohùn mọ́ gaara. Alága fúnra rẹ̀ ló ń fi yangàn létí mi pé inú rédíò àlòkù ni ọkùnrin náà ti yọ kàpásítọ̀ tó fi sí i. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú u, ó ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan yẹn mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti máa ń jẹ mí bí èèrà tipẹ́. Ó ń kí mi ni. Ta ló sì lè rí ti ọlọ́jọ́ ṣe?"

"Ọlọ́jọ́ kọ́ ló so kàpásítọ̀, Bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrun tó bá pè ni mo máa ń gbọ́ dé òpin kí n tó mí. Bí iná bá lọ, tí gbogbo àdúgbò ń ṣépè, èmi nìkan ni mo ń dúpẹ́.

Nínú ààwẹ̀, nígbà ìrun aásárì, ohùn rẹ̀ já lágbede méjì. Mo gbójú sókè wo fáànù mi: ó ń yí. Iná kò lọ. Mo sáré láìwọ bàtà. Ó ti ṣubú ti ògiri, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ọkùnrin kan sì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti mú makirofóònù nílẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Mo fa púlọ́ọ̀gì yọ. Bàbá la ojú, ó ní òun fẹ́ parí ìrun tí òun ń pè. Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò tì mí. Alága ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ẹ. N kò bá a wí, ó ti rẹ̀ mí jù. Mo kàn gbé ẹ̀rọ náà, mo yọ kàpásítọ̀ àlòkù inú rẹ̀ dànù.

N kò tíì rí ojúlówó. Láìpẹ́ yìí ni alága tún yọjú sí ṣọ́ọ̀bù: "Ọ̀gá, ní ti noise yẹn..." Bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa kùn."

Ọwọ́ òsì ló fi ń di makirofóònù mú báyìí. Bí aásárì bá tó, kíkùn yẹn ló ń kọ́kọ́ dé. Màá gbé irin tí mo fi ń jó òjé sílẹ̀, màá sì dúró títí ohùn rẹ̀ á fi tẹ̀lé e.