Apá Òsì Súwẹ́tà

Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan tí mo da àpò òwú mi sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń ṣa ohun tí màá máa hun lójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi máa fi ọkọ̀ wọn gbé wa láti Ìkirè lọ ṣọdún Kérésì ní Jọ́ọ̀sì, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Gbogbo ẹni tó ti débẹ̀ rí ló ń sọ pé òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun, èmi tí mo mọ súwẹ́tà hun sì gbà pé ọwọ́ mi ni ẹ̀mí gbogbo ilé wà. Mo di iṣẹ́ mẹ́ta: fìlà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìbòrùn kan tó ń fẹ̀ sí i láìjẹ́ pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀yìn súwẹ́tà kan tí n kò tíì mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ tí mo kó ju pátá tí mo kó lọ.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Àǹtí là ń pè wọ́n. Àpòmù ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá kan tó kọjú sí títì, níbi tí wọ́n ti ń hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Tíṣà ti fi pàṣán lu ọwọ́ òsì yẹn títí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kò sì gbọ́. Ọkọ tí Àǹtí fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti gbé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ sí Jọ́ọ̀sì nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ó sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn níbẹ̀. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí Àǹtí ti fojú kan ọmọ wọn gbẹ̀yìn. Oṣù kan náà ni wọ́n bí ọmọ yẹn àti àbúrò mi ọkùnrin, nítorí náà ara àbúrò mi ni Àǹtí fi ń wọn ohun tí wọ́n bá ń hun fún un. Lọ́dún yẹn, súwẹ́tà búlúù ni. Bàbá mi ti ṣèlérí pé Àǹtí máa bá wa lọ, kí wọ́n lè rí ọmọ wọn.

Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni ọkọ àtijọ́ yẹn àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń lọ. Ìyá mi ní bí Àǹtí bá tẹ̀ lé wa, ẹkún àti ìjà la máa fi ṣọdún, ojú á sì ti ẹ̀gbọ́n wọn láàárín ìjọ. Bàbá mi, tíṣà tí gbogbo iléèwé ń gbọ̀n fún, kò lè wo ojú àbúrò wọn kí wọ́n sọ pé kó má lọ. Èmi ni wọ́n pè.

“Lọ sí Àpòmù. Sọ fún Àǹtí ẹ pé Gbọ̀ngán la ti máa pàdé. Kó dúró sí oríta ní aago méje àárọ̀ ọ̀la.”

Ìbàdàn ni ọkọ̀ wa máa gbà, Gbọ̀ngán sì wà ní ìdàkejì pátápátá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi tún wá wo àpò mi, wọ́n ní, “Tí Àǹtí ẹ bá wọ ọkọ̀ yẹn, àpò òwú yìí ò ní wọ̀ ọ́ o. Àyè kan ló kù.” Ì bá wù mí kí n sọ fún yín pé mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mi ò rò ó rárá.

Mo tiẹ̀ gbé àpò náà dání lọ sí Àpòmù, nítorí mo fẹ́ kí Àǹtí yìn mí. Wọ́n rí ìbòrùn mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá ṣẹ́ ṣùkù àgbàdo gbígbẹ wẹ́wẹ́, wọ́n fi gún ẹnu abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ojú òwú má bàa yọ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká súwẹ́tà búlúù náà sínú àpò mi.

“Fi sọ́dọ̀ ẹ. Apá òsì ló kù, màá parí ẹ̀ nínú ọkọ̀. Dòdò tí mo rà fún un ti kún báàgì tèmi.” Wọ́n gbójú sókè. “Kí ló dé tó fi jẹ́ Gbọ̀ngán? Ṣebí Ìbàdàn lẹ máa gbà?”

“Bàbá ní ọ̀nà Òṣogbo ló dáa jù.”

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní ìyẹn. Èmi ni mo fi kún un.

Nígbà tí aago méje fi máa lù lọ́jọ́ kejì, a ti kọjá Aṣèjìrè. Àpò mi jókòó tì mí bí èèyàn. Àbúrò mi béèrè pé Àǹtí dà, ìyá mi fún un ní bisikíìtì.

Òtútù Jọ́ọ̀sì kò purọ́. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ìyá mi sì ní kí n parí apá tó kù lára súwẹ́tà náà kí ọmọ rí nǹkan wọ̀. Mo fi ìkánjú hun ún, mo fa òwú le jù, apá òsì náà sì fún. Ohun tí àbúrò mi wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì nìyẹn. Ọmọ Àǹtí jókòó sí ìjókòó kejì níwájú wa, láàárín bàbá rẹ̀ àti ìyàwó bàbá rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ ló wọ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Bàbá mi ní ká kọjú síwájú. Mo kọjú síwájú.

A fi súwẹ́tà náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Nígbà tí a padà dé, bàbá mi sọ fún Àǹtí pé a dé Gbọ̀ngán, a dúró títí, a ò bá wọn. Àǹtí ní aago mẹ́fà làwọn ti débẹ̀, àwọn ò kúrò títí oòrùn fi mú, àfi ẹ̀ẹ̀kan péré tí àwọn lọ tọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan. Wọ́n kígbe, wọ́n gbá orí ara wọn. “Ìgbà yẹn lẹ kọjá!” Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ bàbá mi pé kí wọ́n má bínú pé àwọn dá wọn dúró. Bàbá mi ní kò burú.

Lẹ́yìn náà, Àǹtí fà mí sẹ́yìn ilé. “Súwẹ́tà ńkọ́?”

“A fún un.”

“Ṣé ó bá a mu?”

“Ó bá a mu. Apá òsì nìkan ló fún un díẹ̀.”

Ojú wọn là. “Apá òsì? Ọwọ́ òsì ló ń lò nìyẹn, bíi tèmi! Apá téèyàn bá ń lò ló máa ń tóbi.” Lójú kan náà ni ẹ̀rù tún bà wọ́n. “Ṣé wọn kì í nà án?”

Mo ní wọn kì í nà án.

Láti ọdún yẹn, ọdọọdún ni Àǹtí ń hun súwẹ́tà kan sí i. Wọn kò rí ẹni fi rán, wọ́n ń kó wọn sínú àpótí. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lára àbúrò mi, wọ́n á sì fi ojú òwú mẹ́rin kún apá òsì. Bí àbúrò mi bá ti ń ráhùn pé apá kan ń fì, màá jáde nínú yàrá.

Ọmọ náà wá sí Àpòmù nígbà tó wọ yunifásítì, lẹ́yìn ọdún méjìlá. Mo wà níbẹ̀. Àǹtí ní kó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ ọ́. Àǹtí wo ọwọ́ náà títí ó fi kọ ọ́ tán. “Wọ́n nà án títí ó fi gbàgbé,” ni wọ́n sọ, omi sì ń dà lójú wọn. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n kó àwọn súwẹ́tà náà lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó rántí èyí búlúù tí a mú lọ fún un ní Jọ́ọ̀sì. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì ní òun rántí, mà. Àánú ló fi pa irọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo sìn ín dé títì, ó béèrè lọ́wọ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, súwẹ́tà búlúù wo ni wọ́n ń sọ? Ta ló nà mí? Kí ló dé tí apá kan gbogbo wọn fi fẹ̀?”

Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti ní ọmọ tèmi. Mo ní, “Má dá wọn lóhùn. Ìrònú ti dà wọ́n lórí rú.”

Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ń tọ́jú wọn. Kò padà wá mọ́ títí Àǹtí fi kú. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ló ń bà á láti mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá rí ìyá tí orí rẹ̀ kò pé.

Ọ̀dọ̀ mi ni àpótí náà wà báyìí. Bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń kó àwọn súwẹ́tà náà jáde, màá fọ̀ wọ́n, màá sì sá wọn sóòrùn. Apá òsì wọn ló máa ń pẹ́ gbẹ.