Àmì dúdú tí mo ha kúrò ní ilé ìdáná Màámi

Oore tí mo ṣe fún ìyá mi ló pa wọ́n lẹ́kún lónìí.

Wọ́n lọ kí àbúrò wọn ní Ọ̀kà. Kí wọ́n tó padà sí Ìkàrẹ́, mo fi sándípépà ha fọmáíkà gbígbó tó bo orí káńtà ilé ìdáná wọn, mo sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ó ń dán.

Nígbà tí wọ́n dé lọ́sàn-án yìí, wọ́n ń fọwọ́ wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

"Ibi tó jó dúdú níbí ńkọ́?"

"Mo ti ha á kúrò, Màámi. Kò dùn-ún wò mọ́."

Wọ́n jókòó.

"Bàbá rẹ ló gbé ìkòkò gbígbóná lé e, lọ́jọ́ tí mo gbé ọ délé láti ọsibítù tí mo bí ọ sí. Wọn ò dáná rí. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ se oúnjẹ fún."

Bàbá mi ti kú. N kò gbọ́ ìtàn yìí rí.

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "O ò kúkú mọ̀. O ṣeun, ó mọ́ dáadáa." Wọ́n sì ń nu ojú.

Ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe báyìí?