Tírélà Tí Kò Dúró ní Ògèrè

Ọjọ́ tí Gàníyù, àbúrò ọ̀gá mi, gbé tírélà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣàgámù, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní ká yọ àwọn rìmù onírin táyà rẹ̀ dànù, ó ti ra alumíníọ̀mù tó ń dán bí abọ́ ìyàwó tuntun. Wọ́n ti ṣe àdúà sí i ní mọ́ṣáláṣí.

Fọkanáísà ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé atẹ́gùn nìkan là ń fẹ́ sí táyà, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Alumíníọ̀mù kì í ṣe irin, ó rọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ ti páìpù bọ sípánà kí ẹ wá máa fò lé e lórí. Ẹ ó kọ́kọ́ nu ọ̀dà àti ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀, ẹ ó wá máa de àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn: bí ẹ bá de tòkè, tìsàlẹ̀ ló kàn. Sípánà tó ń wọn agbára ni ọ̀gá fi máa ń parí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀ tí ara rìmù gbóná, nọ́ọ̀tì á dẹ̀. Àfi kéèyàn dúró lọ́nà, kó tún un dè.

Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Nígbà tá a parí iṣẹ́, ọ̀gá tèmi sọ ọ́.

"Gàníyù, bó o bá dé Ògèrè lọ́nà Ìbàdàn, dúró. Nọ́ọ̀tì yìí á ti máa tú."

Ojú Gàníyù korò. "Kò ní tú láṣẹ Ọlọ́run! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wí ire sí ọkọ̀ mi."

Gbogbo wa pariwo àmín. Ọ̀gá náà ṣe àmín. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ẹlẹ́nu búburú sí àbúrò òun?

Gàníyù ò dúró ní Ògèrè. Kó tó dé Ìbàdàn ni táyà kan já kúrò, tí ọkọ̀ sì gbókìtì. Ọjọ́ kejì la sin ín. Ó ń dùn mí títí dòní.

Láti ìgbà náà, ọ̀gá ò fọwọ́ kan sípánà mọ́. Èmi ni mò ń bá iṣẹ́ lọ, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ ó dé Ògèrè láyọ̀, ẹ ó dúró, ẹ ó tún nọ́ọ̀tì dè, kò sì ní tú lójú ọ̀nà." Kò sẹ́ni tó ń bá àdúà jà.

Ọ̀gá ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń wá jókòó lórí àwọn ògbólógbòó táyà. Lánàá, bí tírélà kan ṣe ń jáde, ó pè mí.

"Ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ fún un, Ọ̀gá."

"Kí ló wí?"

"Ó ní àmín."

"Àwa náà ṣe àmín fún Gàníyù."

Mo gbé sípánà, mo gun ọ̀kadà, mo tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ sí Ògèrè.