Lẹ́yìn Básíkùlù Alájì

N kò fẹ́ràn básíkùlù rí. Ẹni tó ń dúró ti pákó láti àárọ̀ di alẹ́, tó ń rẹ́ ẹ, tó ń fá a, kò tún nílò ohun tó máa fi ẹsẹ̀ yí kiri ní Sátidé. Ní Ìwó tiwa yìí, tí ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èrò lọ, bí wọ́n bá rí ọkùnrin tó dàgbà lórí básíkùlù, ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé ọ̀kadà rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, èmi náà gun básíkùlù lọ sí Kúta fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ, mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

Alájì ló fà á. Bàbá àgbà kan ni ní àdúgbò wa, tó ti ta kòkó, tó ti ta sìmẹ́ńtì, tó wá ń kọ́ ilé ńlá kan sí ọ̀nà yunifásítì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa háyà yàrá níbẹ̀. Gbogbo yàrá ló máa gba bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Káfíńtà ni mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró lójú títì tí mo wo fèrèsé ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún mi. Iṣẹ́ ti dín kù ní ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí àga oníke ni àwọn èèyàn ń rà báyìí, wọ́n sì ń sọ fún mi lójú mi pé òun ló fúyẹ́ jù. Àbúrò ìyàwó mi wá ní ilé iṣẹ́ àga ńlá kan ní Ìbàdàn. Ó ránṣẹ́ pé kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Ọmọ tí mo máa ń ra bisikíìtì fún nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kí n wá máa pè ní ọ̀gá. Ara mi kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní ara tó ń kọ iṣẹ́ kì í bọ́ ilé. Ó ní bí wọ́n bá ṣí ilé akẹ́kọ̀ọ́ Alájì tí n kò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, a ó kó lọ sí Ìbàdàn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àlejò lè béèrè pé kí ló dé tí n kò kàn lọ bá Alájì nílé kí n sọ tẹnu mi. A kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Bí o bá lọ ká àgbà mọ́lé láàárọ̀ tí o ní kó fún ọ níṣẹ́, á ní òun ti gbọ́, á sì béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Wọ́n á tún máa sọ ní àdúgbò pé o ní ojúkòkòrò. Ohun tó dáa ni pé kí àgbà máa rí ọ, kí ojú rẹ mọ́ ọn lára, kí òun fúnra rẹ̀ wá la ẹnu.

Nítorí náà, nígbà tí Alájì ṣàdédé ra básíkùlù, tó ń gùn ún lọ sí oko rẹ̀ ní Kúta ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Àgbà ló mọ ohun tó ń ṣe. Oníbúlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ ra básíkùlù tirẹ̀, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń kan ọwọ́ básíkùlù. Òun ló fẹ́ mọ ògiri yí ilé náà ká. Ọkùnrin tó ń ta wáyà iná tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo gbọ́, èmi náà sáré ra tòkunbọ̀ kan. Obìnrin tó ń ta fóòmù kò mọ básíkùlù gùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akérò ló ń háyà, tó ń bá wa bọ̀ lẹ́yìn, tó ń gbé omi àti bàtà wa.

Òfin méjì ló wà nínú ìrìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣe é. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá Alájì. Ọmọ tó bá gba iwájú àgbà kọjá, ilé tó ti wá ni wọ́n máa bú. Alájì sì ń gun básíkùlù bí ẹni tó ń ronú. Mo ti rí ewúrẹ́ tó kọjá wa rí, tó tún bojú wẹ̀yìn wò wá. A ó tò tẹ̀lé ara wa, a ó máa fún búréèkì, básíkùlù á máa gbọ̀n nídìí wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ kọjá. Òfin kejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ òwò àyàfi bí Alájì bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Alájì kò sì dárúkọ rẹ̀ rí.

Bí a bá dé oko, a ó jókòó sábẹ́ máńgòrò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ẹ kú ọ̀nà, sà. Ẹ kú agbára, sà. Alájì á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni, wọ́n á sè é láìfi iyọ̀ sí i rárá, pẹ̀lú omi ewúro kíkorò nínú ife ńlá. Alájì á mú tirẹ̀, á sì máa wò wá títí a ó fi mu tiwa. Oníbúlọ́ọ̀kù máa ń di ojú mu ún, bó bá sì la ojú, á ní, "Ó dùn, Alájì." Irọ́ ni. N kò tíì rí ohun tó korò tó o, ṣùgbọ́n èmi náà máa ń ní kí wọ́n bù sí i fún mi.

Lẹ́yìn náà ni Alájì á wo ojú wa níkọ̀ọ̀kan, á bi wá pé báwo lara. A ó ní àlìhámúdúlílàhì. Á wá gbàdúrà gígùn fún wa, pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ara wa, kí ẹ̀jẹ̀ wa máa rìn dáadáa, kí ẹsẹ̀ wa má kú, kí ojú wa má fọ́. Mo máa ń rò ó pé àdúrà yìí kúkú jinlẹ̀ fún àwọn tó wá gun básíkùlù. A ó ṣe àmín tó dún dáadáa, èmi á sì fi àmín tèmi tọrọ bẹ́ẹ̀dì.

Mo gbìyànjú láti fi ọgbọ́n jẹ́ kó mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo máa ń fi téèpù tí mo fi ń wọn pákó sí àpò àyà kí orí rẹ̀ lè yọ síta. Lọ́jọ́ kan, mo fi ìka kan bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ máńgòrò, mo ní, "Alájì, pákó bẹ́ǹṣì yìí mà dáa o." Alájì wo bẹ́ǹṣì, ó wò mí, ó ní, "Jókòó sórí ẹ̀ dáadáa, ó máa gbà ọ́." Mo jókòó. Ibi tí ìpolówó ọjà mi parí sí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Báyìí ni oṣù ń lọ. Wọ́n kan òrùlé ilé akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n gbé fèrèsé sí i. Ìyàwó mi ti ọjà dé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Wọ́n ti ń kun ilé Alájì yẹn o."

Mo ní, "Alájì ò tíì sọ̀rọ̀ ni."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ ti sọ̀rọ̀?" Ó sì lọ mú àpótí ẹrù sílẹ̀ láti òkè àjà, ó ń nu eruku rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Sátidé tó tẹ̀lé e, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kí èèyàn tó dé Kúta, tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi afárá odò kékeré kan. Alájì ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú, a tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo fún búréèkì, kò mú. Mo tún un fún, wáyà rẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọjá ọlọ́jà wáyà iná, mo kọjá oníbúlọ́ọ̀kù, mo wá rí ẹ̀yìn Alájì tó ń súnmọ́ mi. Ọkàn kan ní kí n kúkú wọ inú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń jẹun, mo bá kọjá. Mo gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ lórí básíkùlù bí mo ṣe ń kọjá, mo tẹ orí ba títí àgbọ̀n mi fi kan irin, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Inú eésún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ni mo ti dúró.

Nígbà tí mo dìde, mo wo òkè. Àwọn yòókù ti dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, oníbúlọ́ọ̀kù sì ti ṣí fìlà bí ẹni tó wá síbi òkú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí Alájì bá ń bú mi. Alájì nìkan ló rọra ń sọ̀ bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí básíkùlù, ó jókòó sórí afárá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "O ṣé."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Ó ní, "Mo ní o ṣé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa kọjá mi. Bí mo bá fẹ́ sinmi, màá gbọ́ yín lẹ́yìn, n ò ní lè dúró. Mo rò pé ẹ máa ní bàbá yìí ti tán." Ó fi ọwọ́ ra orúnkún. "Ìwọ, báwo ni tìẹ ṣe wà báyìí? Ó ti ń lọ sílẹ̀?"

"Kí ni, sà?"

"Ìtọ̀ ṣúgà."

Mo ní n ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ní bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi. Mo ní rárá. Ó wo òkè níbi tí àwọn yòókù dúró sí. "Oníbúlọ́ọ̀kù ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, sà."

Alájì wá ṣàlàyé. Dókítà ló ní kó máa gun básíkùlù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí oníbúlọ́ọ̀kù dara pọ̀ mọ́ ọn, tí èmi náà dé, tí a ń pọ̀ sí i, ó rò pé dókítà kan náà ló ń rán wa. Wọn kì í bi ọmọlúàbí pé kí ló ń ṣe é, nítorí náà kò bi wá. Ó kàn ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa, ó ń fún wa ní ewúro, ó ń gbàdúrà.

Ó ní, "Kí lẹ wá ń tẹ̀ lé mi fún?"

Ẹnu tí mo ti pa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá là fúnra rẹ̀. "Káfíńtà ni mí, sà. Mo fẹ́ bá yín ṣe bẹ́ẹ̀dì ilé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Oníbúlọ́ọ̀kù fẹ́ mọ ògiri. Fóòmù ni màmá tó wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn ń tà."

"Káfíńtà," ó ní. "Mo ti wá káfíńtà títí. Àwọn ará Ìbàdàn ni mo ra bẹ́ẹ̀dì onírin lọ́wọ́ wọn. Ó ṣẹ́ku kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì. Wá bá mi nílé lọ́la."

Ara mi yá gágá. Mo ti ń wọn pákó nínú ọkàn mi, mo ti ń wo àpótí ẹrù tí ìyàwó mi máa dá padà sí òkè àjà. N kò tètè rí i pé Alájì kò dìde. Ó ń wo omi tó wà lábẹ́ afárá.

Ó ní, "Nígbà tí dókítà sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo wá ń bojú wẹ̀yìn tí mo ń rí yín, mo ní ó dáa, kì í ṣe èmi nìkan. Àṣé èmi nìkan ni."

Ó dùn mí. Mo bá a di básíkùlù rẹ̀ mú títí ó fi dìde.

Nígbà tí gbogbo wa dé oko lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa. Alájì ní kí wọ́n ra ẹlẹ́rìndòdò tútù fún àwa, òun mu ewúro tirẹ̀. Ó ní kí oníkálukú sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, a sì sọ ọ́. Kí òrùn tó mú, oníbúlọ́ọ̀kù ti gba ògiri, onífóòmù ti gba fóòmù, ọlọ́jà wáyà náà ti rí tirẹ̀. Ohun tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù gun básíkùlù wá, ìjókòó kan la fi rí i. Kò sì sẹ́ni tó gba àdúrà fún wa.

Ìrìn náà parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò pàdé láti parí rẹ̀. Sátidé tó tẹ̀lé e, oníkálukú ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyàwó mi pe àbúrò rẹ̀ pé a kò wá mọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí kò ṣe láti ìgbà pípẹ́.

Mo ń fá pákó kọ́bọ́ọ̀dù Alájì ní àárọ̀ Sátidé kan báyìí nígbà tí mo rí i tó ń kọjá lọ sí ọ̀nà Kúta. Kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, kó tó rí mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Kú iṣẹ́ o." Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èérún pákó, mo dáhùn. Kí n tó dìde, ó ti lọ. Mo ti tún búréèkì básíkùlù mi ṣe, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ni Alájì fẹ́ gba kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, mo bá tún mú ìfági, mo ń fá pákó lọ.