Oúnjẹ Kérésì Tí Bàbá Wa Ń Gbé Jáde

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì tó kọjá, òórùn ìrẹsì àná tí wọ́n ń fi àlùbọ́sà dín gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá ní Festac níbí, mo sì rántí ọdún tí ìyá wa fura sí bàbá wa.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá wa, ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá wa ní tiẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ ọdún ṣòfò. Yóò fa ẹran tòlótòló tó kù ya wẹ́wẹ́ sínú mọ́ínmọ́ín, yóò po ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù mọ́ ẹyin, yóò dín in bí àkàrà, egungun á sì di ọbẹ̀ ata tó ń mú imú ṣomi. Àwa ọmọ á máa tú mọ́ínmọ́ín wa wò fínnífínní, ká lè mọ ẹni tí wọ́n fi ẹran ṣe ojúsàájú fún.

Lọ́dún yẹn, bàbá wa ṣàdédé wọ ilé ìdáná. Ó dúró ti ìyá wa, ó ń béèrè iye ẹyin tí ìrẹsì ń gbà. Ìyá wa dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá wa kó ìrẹsì àti ẹran sínú kúlà, ó ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ kan. Kò dárúkọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ, nígbà tó sì dé, aṣọ rẹ̀ ń rùn fún òróró. Mo gbọ́ tí ìyá wa ń dá sọ̀rọ̀ níwájú fíríìjì pé obìnrin tí ọkọ òun lè dáná fún, kì í ṣe obìnrin kékeré.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá wa fà mí lọ́wọ́, a tẹ̀ lé bàbá wa dé ilé kan ní Ijegun-Egba. Ó fi ìborùn bojú, bí ẹni pé bàbá wa ò mọ ìrìn ìyàwó rẹ̀. Kò kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Iwájú sítóófù la ti bá bàbá wa, òun àti Bọ̀dá Láyí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìrẹsì ti jóná mọ́ páànù. Àwọn ọmọ Bọ̀dá Láyí jókòó sílẹ̀, wọ́n ń dúró de oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde ṣáájú ọdún, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ọkọ lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá wa ní, “Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ṣé èmi náà wá di ẹnikẹ́ni fún yín?”

Ìyá wa wo àwọn ọmọ náà títí, ó ká ìborùn rẹ̀, ó sì gba ṣíbí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kọ́ ọkùnrin méjèèjì bí a ṣe ń sọ oúnjẹ àná di tuntun. Nígbà táwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì béèrè ìyàwó Bọ̀dá Láyí, ìyá wa ní ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀.

Lóde òní, ẹni tí ìyàwó bá kọ̀ sílẹ̀ lè fi fóònù ra oúnjẹ, kí aládùúgbò má mọ̀ láéláé. Àkọ́bí Bọ̀dá Láyí ṣì máa ń pè mí. Ó ní nígbà tí ìyá mi já wọlé lọ́jọ́ náà, àwọn kọ́kọ́ rò pé ọlọ́pàá ni. Ìyá tirẹ̀ kò padà wálé mọ́. Ìyá mi kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú. Èmi ni mo wá ń sọ ọ́ yìí, nítorí gbogbo àwọn tí ojú ìbá tì ti lọ tán.